Kòkòrò Tí Wọ́n Sọ ní "Ó Ṣòro"

Ọdún kìíní ni gbogbo wa ti kọ́ nípa orúkọ àmútọ̀runwá. Ọmọ tó mú ẹsẹ̀ wáyé dípò orí ni Ìgè. Èyí tó dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i ni Àjàyí. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í sọ ìwà tí ọmọ yóò hù tàbí iṣẹ́ tí yóò ṣe tó bá dàgbà. Bí ọmọ ṣe dé ọwọ́ àwọn tó gbà á ló ń sọ. Orúkọ kan wà nínú ìmọ̀ ìṣègùn tó jọ ọ́ gan-an, kòkòrò àìfojúrí kan ló sì ń jẹ́ ẹ. Ní ọdún 1935 ni Ivan Hall àti Elizabeth O'Toole, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Colorado ní ìlú Denver, ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ ní Bacillus difficilis. Ọ̀rọ̀ Látìn ni difficilis, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "ó ṣòro". Kì í ṣe pé wọ́n ń bú kòkòrò náà. Wàhálà tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó lè yà á sọ́tọ̀, kí wọ́n sì tó lè yẹ̀ ẹ́ wò, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ìtàn kòkòrò yìí la fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí. A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa á ti máa béèrè pé kí ló gbé akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá dé ìdí bakitéríà. Èsì wa ni pé ìtàn orúkọ ni, ìtàn àpèjúwe sì ni, iṣẹ́ tiwa sì ni méjèèjì. Ìtàn àwọn èèyàn méjì ni, tí wọ́n ṣe àpèjúwe ohun kan dáadáa nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun tí a lè fi ṣe. Lẹ́yìn ọdún 43, àpèjúwe yẹn wà lára ohun tí àwọn dókítà fi dá apani mọ̀.

Ẹ̀mí láìsí afẹ́fẹ́

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹbí tí kòkòrò yìí ti wá. Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé ohunkóhun tó bá ní ẹ̀mí gbọ́dọ̀ rí afẹ́fẹ́ kó tó lè wà láàyè. Ní ọdún 1861, Louis Pasteur ní ilẹ̀ Faransé ń fi ẹ̀rọ maikirosíkóòpù wo ẹ̀kán omi kan tí àwọn kòkòrò wà nínú rẹ̀. Àwọn tó wà láàárín ẹ̀kán omi náà ń lúwẹ̀ẹ́ kiri. Àwọn tó wà létí rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kan omi, kò mira mọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń gbé ẹ̀mí tiwa ró ló ń ṣe wọ́n ní jàǹbá. Pasteur ló fi èdè Gíríìkì ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń lò fún irú wọn títí di òní, èyí tí a lè pè ní "alààyè tí kò gbára lé afẹ́fẹ́".

Ibi tí ọ́síjìn kì í dé ni wọ́n fẹ́ràn: ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, inú ilẹ̀, ọgbẹ́ tó jìn, ìfun èèyàn àti ti ẹranko. Kòkòrò tó ń fa àrùn ipá wà lára wọn. Kitasato Shibasaburō, ọmọ ilẹ̀ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Berlin, ló kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ ní ọdún 1889. Iṣẹ́ kékeré kọ́ ni yíya irú wọn sọ́tọ̀. Omi ẹran tí wọ́n fi ń bọ́ wọn ní láti hó dáadáa kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dí ìgò náà pa kí afẹ́fẹ́ mìíràn má bàa wọlé. Àṣìṣe díẹ̀, kòkòrò á kú. Bí kòkòrò mìíràn bá sì bá a wọ inú ìgò, èyí tó ń yára pọ̀ á bo èyí tí a ń wá mọ́lẹ̀.

Nínú ìgbẹ́ ọmọ tuntun

Hall àti O'Toole kò jáde láti wá àrùn. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni irú àwọn kòkòrò tó kọ́kọ́ ń tẹ̀dó sínú ìfun ọmọ tuntun. Nítorí náà, ìgbẹ́ ọmọ tuntun ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Nínú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti bá ọ̀kan pàdé tí kò bá àpèjúwe èyíkéyìí tó wà nílẹ̀ mu. Wọ́n gún àwọn ehoro àti àwọn eku tí wọ́n ń pè ní guinea pig ní abẹ́rẹ́ rẹ̀. Wọ́n rí i pé ó ní oró tó lè pa wọ́n. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n ti rí kòkòrò yìí kò ṣàìsàn rárá. Ẹ̀rí méjì tó takora ni. Àwọn méjèèjì kò pa ọ̀kankan mọ́ nínú rẹ̀: wọ́n kọ ọ́ sínú àkọlé àpilẹ̀kọ wọn pé kòkòrò tuntun tó lè fa àrùn ni, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara àwọn ọmọ tó ní in dá.

Kí ni wọ́n ń pè ní àpèjúwe nínú iṣẹ́ yìí? Ó sún mọ́ ohun tí a máa ń ṣe nínú ẹ̀kọ́ ìró èdè. Tí a bá fẹ́ ṣàpèjúwe kọ́ńsónáǹtì kan, a ó sọ ibi ìsẹnupè rẹ̀, ọ̀nà ìsẹnupè rẹ̀, àti bóyá ó jẹ́ akùnyùn tàbí àìkùnyùn. Tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀, ìró mìíràn la ní lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ kòkòrò náà ní ìbéèrè tiwọn. Ṣé ó gùn bí ọ̀pá ni àbí ó rí róbótó? Ṣé ó lè rìn? Àwọ̀ wo ló ń gbà tí wọ́n bá fi aró kùn ún? Ṣúgà wo ló lè jẹ, èwo ni kò lè jẹ? Ṣé ó ń tú gáàsì jáde? Kí ló ń ṣe fún ẹranko? Kòkòrò tí a ń wí yìí rí bí ọ̀pá, ó lè rìn, ó sì ní ọgbọ́n kan: bí ayé bá le fún un, á ká ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo líle kan. Sípóò ni wọ́n ń pe irú bẹ́ẹ̀. Nínú sípóò yìí, afẹ́fẹ́ kì í pa á, ọ̀dá kì í pa á, ọ̀pọ̀ oògùn kì í sì í ràn án. Ó lè dúró bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀, títí yóò fi rí ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Orúkọ yí, ẹni kò yí

Ọdún mẹ́ta péré ni Bacillus difficilis fi jẹ́ orúkọ yìí. Ká tó sọ bó ṣe yí padà, ẹ jẹ́ ká rántí pé orúkọ méjì ni ohun alààyè kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Èkíní dà bí orúkọ ẹbí, èkejì dà bí orúkọ tí wọ́n fún ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1938, André-Romain Prévot ní ilẹ̀ Faransé kó o kúrò nínú ẹbí Bacillus lọ sínú ẹbí Clostridium, níbi tí wọ́n ń kó àwọn kòkòrò tó rí bí ọ̀pá, tó ń ṣe sípóò, tí wọn kì í sì í fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ìrànwú ni orúkọ ẹbí yìí ti wá, nítorí pé ìrísí àwọn kan nínú wọn jọ ìrànwú tí ìyá àgbà fi ń ran òwú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn gírámà, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Difficilis di difficile. Ìtumọ̀ kò yí, ṣùgbọ́n ní èdè Látìn, ọ̀rọ̀ àpèjúwe gbọ́dọ̀ bá ọ̀rọ̀ orúkọ ṣọ̀kan. Akọ ni Bacillus. Clostridium kì í ṣe akọ, kì í ṣe abo. Yorùbá tiwa kò ní irú ìṣòro yìí: ilé ńlá, ọkùnrin ńlá, obìnrin ńlá, bákan náà ni "ńlá" ṣe dúró.

Lẹ́yìn èyí, ìwọ̀nba èèyàn ló tún yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí àìsàn èèyàn kan tí wọ́n mọ̀ pé ó ń fà. Fún ogójì ọdún, inú ìwé ló jókòó sí, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti àpèjúwe rẹ̀.

Apani tí ẹnikẹ́ni kò rí

Àìsàn kan sì wà lóde tí kò tíì ní ẹni tó ń fà á. Láti ọdún 1893 ni John Finney, oníṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa obìnrin ẹni ọdún 22 kan tó ṣe ìgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ inú, títí ó fi kú. Nígbà tí wọ́n wo ìfun rẹ̀, nǹkan kan ti bò ó nínú bí awọ tín-ín-rín. Nígbà yẹn, oògùn apakòkòrò irú èyí tí a mọ̀ lónìí kò tíì sí. Nígbà tí wọ́n dé, láti àwọn ọdún 1940 lọ, wọ́n gba ẹ̀mí àìmọye èèyàn là. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni àìsàn ìfun yìí náà ń pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń lò wọ́n.

Àwọn dókítà nà ìka sí kòkòrò mìíràn, Staphylococcus aureus. Wọ́n ń fún aláìsàn ní oògùn vancomycin, ara wọn sì ń yá. Ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ náà dà bí èyí tó ti parí. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀ẹ̀mí. Vancomycin ń pa Staphylococcus lóòótọ́, ó sì ń pa apani gan-an pẹ̀lú, nítorí náà ìwòsàn kò sọ ẹni tó jẹ̀bi. Ní ọdún 1974, Francis Tedesco àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé aláìsàn 200 tí wọ́n fún ní oògùn clindamycin. Nǹkan bí 1 nínú 5 ló ṣe ìgbẹ́ gbuuru, nǹkan bí 1 nínú 10 ló sì ní awọ inú ìfun tí Finney kọ̀wé nípa rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ìwádìí ti gbóná. John Bartlett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń fi hamster, irú eku kékeré kan, ṣe ìwádìí. Larson àti Price wà lẹ́nu irú iṣẹ́ kan náà ní England. Wọ́n rí i pé oró kan wà nínú ìgbẹ́ àwọn aláìsàn. Wọ́n wá oògùn tó lè pa oró náà, wọ́n sì rí ọ̀kan: èyí tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ fún oró kòkòrò Clostridium sordellii. Ẹ̀rí ti dé, àbí? Wọ́n wá sordellii nínú ìgbẹ́ àwọn aláìsàn, wọn kò rí i. Kòkòrò mìíràn ni wọ́n ń bá níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ìrísí rẹ̀ àti ìṣe rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ẹni tó ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀ ni: Clostridium difficile. Oró rẹ̀ jọ ti sordellii débi pé oògùn ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ fún èkejì. Ọdún 1978 ni wọ́n kéde rẹ̀.

Báyìí ni ẹ̀rí méjì tó takora ní 1935 ṣe wá yé èèyàn. Kòkòrò náà lè wà nínú ìfun láìṣe nǹkan kan, pàápàá nínú ìfun ọmọ ọwọ́. Nínú àgbàlagbà, àwọn kòkòrò rere tó pọ̀ nínú ìfun kì í fún un láyè. Bí oògùn apakòkòrò bá gbá àwọn wọ̀nyí dànù, sípóò tirẹ̀ á ṣẹ́kù. Bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣán tí wọn kò gbin nǹkan kan sí ni: èpò ló ń kọ́kọ́ gbà á. Á jí, á pọ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú oró sára ìfun.

Ní ọdún 1979, ẹgbẹ́ kan ní California, tí Sydney Finegold àti Diane Citron wà nínú rẹ̀, ṣe oúnjẹ àtọ́ kan jáde fún kòkòrò náà, tó ń jẹ́ kí ó hù, tó sì ń dí ọ̀pọ̀ àwọn yòókù lọ́nà. Láti ìgbà náà, "Ó Ṣòro" kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro mọ́ fún àwọn tó ń wá a nínú yàrá àyẹ̀wò. Lára èèyàn ló ti wá ṣòro. Ní Amẹ́ríkà nìkan, wọ́n fojú bù ú pé ó mú èèyàn tó 453,000 ní ọdún 2011, àwọn bí 29,000 sì kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó mú wọn.

Ní Denver kan náà, ní ọdún 1958, dókítà oníṣẹ́ abẹ Ben Eiseman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ìgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le sínú ìfun aláìsàn 4 tó ní àìsàn yìí, ara wọn sì yá. Wọn kò mọ̀ pé kòkòrò tí wọ́n sọ lórúkọ nínú ìlú wọn ló wà nídìí ọ̀ràn náà. Ní ọdún 2013, wọ́n dán ọ̀nà yìí wò dáadáa ní ilẹ̀ Netherlands: nínú aláìsàn 16 tí wọ́n fún, 13 ló rí ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú 13 tí wọ́n fún ní vancomycin nìkan, 4 péré ló rí i. Ìgbẹ́ ni wọ́n ti rí kòkòrò náà. Ìgbẹ́ náà ni wọ́n tún fi lé e.

Ta ló ni orúkọ?

Nígbà tó yá, ìmọ̀ jíìnì dé. Àwọn onímọ̀ wá rí i pé ẹbí Clostridium ti kún ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ti kó àwọn tí kò bá ara tan síbẹ̀. Difficile wà lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò pọ̀. Ní ọdún 2013, Natalya Yutin àti Michael Galperin dábàá pé kí wọ́n máa pè é ní Peptoclostridium difficile. Ó bá ẹ̀rí jíìnì mu, ṣùgbọ́n wàhálà wà ńbẹ̀. "C. diff" ni gbogbo nọ́ọ̀sì, dókítà àti aláìsàn ń pè é. Ó ti wà lára ilẹ̀kùn yàrá ọsibítù, ó ti wà nínú ìwé àyẹ̀wò àti nínú òfin ìtọ́jú. Bí ó bá di "P. diff" lọ́sàn-án kan òru kan, àṣìṣe tó lè pa èèyàn lè tìdí rẹ̀ wáyé.

Ní ọdún 2016, Paul Lawson, Diane Citron, Kerin Tyrrell àti Sydney Finegold mú ọ̀nà mìíràn wá: Clostridioides, èyí tó túmọ̀ sí "ohun tó jọ Clostridium". Kòkòrò náà kúrò nílé tí kì í ṣe tirẹ̀, síbẹ̀ "C. diff" kò yí padà. Citron àti Finegold tí a bá pàdé ní 1979 náà ni wọ́n tún wà níbí. Nínú ìwé tí wọ́n fi kéde orúkọ tuntun yìí, bí òfin ìsọlórúkọ ṣe ní kí ó rí, orúkọ Hall àti O'Toole pẹ̀lú ọdún 1935, àti ti Prévot pẹ̀lú 1938, ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí oríkì ni: ẹni tó bá pè é tán gbọ́dọ̀ pe àwọn tó ti pè é ṣáájú.

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn onímọ̀ wọ̀nyí wo ilé lọ́nà méjì. Wọ́n wo ilé tí kòkòrò náà ti wá, wọ́n sì wo ilé àwọn tó ń pe orúkọ náà lójoojúmọ́. Àwa gbà pé èkejì ṣe pàtàkì bí èkíní. Ẹni tó bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ Yorùbá tuntun fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì yẹ kó ro ẹnu tí yóò pè é, kó má kàn ro bí ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe péye nìkan.

Ẹ̀kọ́ kan wà fún ilé pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ wa ló ń ya ilé oògùn láti ra apakòkòrò nítorí inú rírun, láìrí dókítà. Flagyl pàápàá, tí gbogbo wa mọ̀, wà lára oògùn tí wọ́n fi wo C. difficile fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oògùn rere ni apakòkòrò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun ìṣeré. Bó ṣe ń pa ọ̀tá náà ló ń pa ará ilé. Ọtí ìpawọ́ tí a ń kùn sí àtẹ́lẹwọ́ kì í sì í pa sípóò. Ọṣẹ àti omi ló ń ṣí i kúrò lọ́wọ́.

Ohun tí a rí mú nínú ìtàn yìí fún ara wa rèé. Kò sí ọ̀kan nínú wa tí wọn kò tíì bi pé, "Kí lo fẹ́ fi Yorùbá ṣe?" Ẹnikẹ́ni ì bá ti bi Hall àti O'Toole ní 1935 pé kí ni wọ́n fẹ́ fi kòkòrò inú ìgbẹ́ ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣe, wọn kì bá sì ní èsì tó lè tẹ́ abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n wo ohun tó wà níwájú wọn dáadáa, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí láìyọ èyí tó takora kúrò, kí wọ́n sì fún un ní orúkọ tí ẹlòmíràn lè fi pè é. Nígbà tí Àjàyí Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ó ku ọdún 105 kí yunifásítì àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ̀ka-èdè ìlú kọ̀ọ̀kan, orúkọ ewé tí àwọn àgbà mọ̀, orúkọ ẹja tí àwọn apẹja ń pè, gbogbo rẹ̀ ń dúró de ẹni tí yóò ṣàpèjúwe rẹ̀. Kò dìgbà tí a bá mọ ẹni tí yóò lò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́dún kẹrin tẹ́ ẹ ṣì ń wá orí ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yín, ẹ wo ilé yín kí ẹ tó wo ọ̀nà jíjìn. Ohun tó bá ṣòro fún yín láti rí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.